Eyín Ẹ̀yìn Lókè: Ṣé Ọjọ́ Tí A Yọ Ọ́ Ni Kí A Fi Òmíràn Sí I, Àbí Kí A Dúró?

ÌBÉÈRÈ: Dókítà wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, ọmọ ọdún 54 sì ni mí. Eyín ńlá kan lókè lápá ọ̀tún là sí méjì nígbà tí mo ń jẹ ẹran, dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò sì sọ pé kò ṣeé tún ṣe mọ́, àfi kí wọ́n yọ ọ́. Ilé ìtọ́jú eyín kan níhìn-ín ní Abẹ́òkúta ní àwọn lè yọ ọ́, kí àwọn sì fi implant sí ojú ihò rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ọmọ mi tó ń gbé Ìbàdàn mú mi lọ sí ibòmíràn, àwọn yẹn ní kí n yọ ọ́ ná, kí n padà wá lẹ́yìn oṣù 3 tàbí 4. Àwọn méjèèjì ló sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Mo ní àtọ̀gbẹ, ṣùgbọ́n mò ń lo oògùn mi déédéé.
Ìyá Aláàdìrẹ, Ìtòkú

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ọjà, ẹ sì kú ìfaradà. Àwọn dókítà méjèèjì lè tọ̀nà kí ìmọ̀ràn wọn sì yàtọ̀ síra, nítorí pé inú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín ni ìdáhùn wà, ó sì jọ lójú mi láti inú ìwé yín pé kò sí ẹni tó jókòó tì yín láti fi hàn yín. Ohun tí mo fẹ́ ṣe níbí nìyẹn, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ máa béèrè nígbà tí ẹ bá padà sọ́dọ̀ èyíkéyìí nínú wọn.

Implant ni irin titanium kékeré kan, tí ara rẹ̀ rí bíi síkúrúù, tí a ń yí wọ inú egungun kí ó lè dípò gbòǹgbò eyín. Egungun á dì mọ́ ọn, lẹ́yìn náà ni a óò wá de orí eyín mọ́ ọn. Ọmọ ilẹ̀ Sweden kan, Per-Ingvar Brånemark, ló kíyè sí i ní ọdún 1952, níbi tó ti ń ṣèwádìí lórí egungun ehoro, pé titanium tí òun fi sínú egungun náà ti dì mọ́ ọn débi pé kò ṣeé yọ mọ́. Ní ọdún 1965 ló fi irú rẹ̀ sẹ́nu ènìyàn. Ìlànà tirẹ̀ ni pé kí ojú ibi tí a ti yọ eyín kọ́kọ́ jinná, kí a tó fi irin náà sí i, kí a sì bò ó mọ́ abẹ́ ẹran ìdí eyín fún nǹkan bí oṣù 3 sí 4 bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀, àti nǹkan bí oṣù 6 bó bá jẹ́ òkè. Láàárín àwọn ọdún 1970, Wilfried Schulte ní ìlú Tübingen ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbòǹgbò àtọwọ́dá tirẹ̀ sínú ihò eyín tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Ẹ wá rí i pé kíkánjú àti dídúró ti jọ wà tipẹ́, kò sí èyí tí a lè pè ní àṣà tuntun tàbí àṣà àtijọ́ nínú wọn.

Ìdí tí òkè fi ń pẹ́ ju ìsàlẹ̀ lọ kò pamọ́ fún ẹni tó bá ti fi ẹ̀rọ gbẹ́ ihò sí egungun méjèèjì. Egungun ìsàlẹ̀ le, ó sì ki. Ọwọ́ á mọ̀ pé òun ń gbẹ́ nǹkan. Ní ẹ̀yìn òkè, egungun rọ̀, ó kún fún ihò wẹ́wẹ́, nígbà mìíràn ẹ̀rọ á kàn wọlé ni láìjà rárá. Lókè egungun yìí ni ihò afẹ́fẹ́ ńlá kan tún wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, lábẹ́ ojú. Ihò yìí ni ó máa ń mú kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wúwo, kí ó sì máa ro ènìyàn bí ọ̀fìnkìn bá le. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló tẹ́ inú rẹ̀. Ṣóńṣó gbòǹgbò eyín ńlá òkè sábà máa ń súnmọ́ ilẹ̀ ihò náà gan-an, lẹ́nu àwọn mìíràn sì rèé, egungun tó wà láàárín wọn kò ju mìlímítà 1 tàbí 2 lọ. Bí a bá sì ti yọ eyín kúrò, ihò afẹ́fẹ́ náà á máa fẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, egungun á máa rù láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, àyè tí a ó fi implant sí á sì máa kéré láti apá méjèèjì.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n fi eyín yín gan-an ṣe àpẹẹrẹ. Eyín ńlá àkọ́kọ́ lókè ní gbòǹgbò mẹ́ta: méjì kọjú sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹyọ kan kọjú sí àjà ẹnu. Nígbà tí ó bá jáde, ihò mẹ́ta ló máa fi sílẹ̀, ní àárín wọn ni odi egungun kékeré kan á sì dúró sí. Odi yìí ni dókítà tó fẹ́ fi implant sí i lọ́jọ́ kan náà gbọ́kàn lé. Bí odi náà bá nípọn, tí ó sì pé, irin yóò rí ohun dì mú níbẹ̀. Bí ó bá tẹ́ẹ́rẹ́, tàbí tí ó fọ́ nígbà tí wọ́n ń fa eyín, inú ihò tó fẹ̀ jù ú lọ ni irin máa wà, á sì máa mì. Ìdí nìyí tí ọ̀nà tí wọ́n gbà yọ eyín fi ṣe pàtàkì bákan náà pẹ̀lú irin tí wọ́n fẹ́ fi sí i. Dókítà tó mọ ohun tó ń ṣe á fi ẹ̀rọ gé eyín náà sí mẹ́ta, á sì yọ gbòǹgbò kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹni tó bá fi agbára jìn ín tẹ̀gbẹ́tẹ̀gbẹ́ ti ba ilé jẹ́ kí ó tó kọ́ ọ.

Nígbà tí irin bá ń wọlé, ẹ̀rọ tí a fi ń yí i máa ń ka agbára tí egungun fi ń dì í mú. Ọ̀pọ̀ dókítà ló ń wá nǹkan bíi 35 Ncm (Ncm ni ìwọ̀n agbára tí a fi ń yí nǹkan) kí wọ́n tó gbà pé ó dúró dáadáa. Bí irin bá ń yí lọ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ láìsí ìdíwọ́ kankan, ohun tó bọ́gbọ́n mu ni kí dókítà yọ ọ́, kí ó tọ́jú ihò náà, kí ó sì ní kí aláìsàn padà wá. Mo bọ̀wọ̀ fún dókítà tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ lójú aláìsàn tó ti sanwó, nítorí kò rọrùn.

Àwọn dókítà pín àkókò yìí sí mẹ́rin: ọjọ́ tí a yọ eyín gan-an, ọ̀sẹ̀ 4 sí 8 lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí ẹran ìdí eyín bá ti padé, ọ̀sẹ̀ 12 sí 16, nígbà tí egungun bá ti kún inú ihò dé ìwọ̀n kan, àti oṣù 6 sókè, nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti jinná tán. Ìpele kẹta ni àwọn ti Ìbàdàn ń sọ fún yín. Kì í ṣe pé wọ́n ń fi yín tàfàlà. Wọ́n fẹ́ kí egungun tuntun wà níbi tí ihò wà lónìí, kí irin tó wọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ tí inú mi kì í dùn sí, òun ni pé fífi implant sí i lọ́jọ́ kan náà kì í jẹ́ kí egungun rù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwádìí kan tí Maurício Araújo, Jan Lindhe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ̀ jáde ní 2005, èyí tí wọ́n ṣe lára ajá, fi hàn pé odi egungun rù bó ṣe máa ń rù, bí irin tilẹ̀ wà nínú ihò náà. Lára ènìyàn, ìwádìí tí Schropp àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2003 fi hàn pé ìbú egungun ibi tí a ti yọ eyín ẹ̀yìn dín kù ní nǹkan bí ìdajì láàárín oṣù 12, ìdá méjì nínú mẹ́ta àdínkù náà sì ṣẹlẹ̀ láàárín oṣù 3 àkọ́kọ́. Èyí tí kíkánjú ń fúnni ní tòótọ́ ni pé iṣẹ́ abẹ ẹ̀ẹ̀kan ló dípò ẹ̀ẹ̀mejì, oṣù díẹ̀ sì yọ kúrò nínú ìdúró. Èrè gidi nìyẹn, pàápàá fún ẹni tó ń fi ojoojúmọ́ dúró nínú ìsọ̀. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí wọ́n fi èrè tí kò sí kún un.

Ti àtọ̀gbẹ yín ńkọ́? Àtọ̀gbẹ tí a kápá kò dí implant lọ́wọ́. Èyí tí a kò kápá ló ń jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ pẹ́ kí ó tó jinná, tí kòkòrò àrùn sì ń ráyè. Lílo oògùn déédéé dára, ṣùgbọ́n kò tó láti fi dá ara ẹni lójú. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní HbA1c, èyí tó ń sọ bí ṣúgà ṣe wà lára yín láti nǹkan bí oṣù 3 sẹ́yìn, kí ẹ sì mú èsì rẹ̀ dání. Bí ó bá wà ní 7 tàbí kí ó lé díẹ̀, ọkàn dókítà yóò balẹ̀. Bí ó bá ju 8 lọ dáadáa, kí ẹ kọ́kọ́ bójú tó ìyẹn.

Ẹ béèrè fún àwòrán CBCT, èyí tó ń fi egungun hàn ní ìbú, òòró àti gíga rẹ̀, nítorí pé X-ray lásán kì í fi bí odi àárín yẹn ṣe nípọn tó hàn. Kí dókítà fi ìka tọ́ ọ fún yín lórí kọ̀ǹpútà: gbòǹgbò mẹ́ta rèé, odi àárín rèé, ilẹ̀ ihò afẹ́fẹ́ rèé. Ẹ bi í pé mìlímítà mélòó ni egungun tó wà níbẹ̀. Ẹ bi í pé bí irin kò bá dì mú lọ́jọ́ náà ńkọ́, kí ni ó máa ṣe, ta ló sì máa san owó rẹ̀? Ẹni tí kò bá ní ìdáhùn sí ìbéèrè yìí kò tíì múra sílẹ̀.

Ní tèmi, bí ó bá jẹ́ pé ìyá tó bí mi ló jókòó síwájú mi pẹ̀lú eyín tó là, tí àtọ̀gbẹ sì wà lára rẹ̀, mo máa ní kí ó dúró. Eyín tó là sábà máa ń ní kòkòrò àrùn ní ojú ibi tó là sí, egungun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì lè ti jẹ. Bí àwòrán bá fi hàn pé odi àárín nípọn, tí kò sí ọyún, tí èsì HbA1c sì dára, mi ò ní bá ẹni tó fẹ́ ṣe é lọ́jọ́ kan náà jà. Lójú mi, ọ̀pọ̀ eyín ńlá ẹ̀yìn lókè ni dídúró oṣù 3 sí 4 yẹ, pẹ̀lú ìyẹ̀fun egungun tí a dì sínú ihò náà lọ́jọ́ tí a yọ eyín kí àyè má baà dín kù jù.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ọ́, ẹ kíyè sí ohun kan: bí ẹ bá mu omi tí ó sì ń ṣẹ́ jáde ní imú, tàbí tí afẹ́fẹ́ ń gba ojú ihò eyín kọjá, ó túmọ̀ sí pé ọ̀nà ti ṣí sínú ihò afẹ́fẹ́. Ẹ má fọn imú fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2, ẹ ya ẹnu bí ẹ bá fẹ́ sín, ẹ má fi sítírọ́ọ̀ fa ohun mímu, kí ẹ sì padà sọ́dọ̀ dókítà kíákíá. Ojú ihò kékeré sábà máa ń pa dé fúnra rẹ̀. Èyí tó tóbi gba ríran.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú ọpọlọ o, dókítà. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo ti di ọmọ ọdún 71 báyìí. Eyín ńlá méjì lókè lápá òsì ni wọ́n yọ fún mi ní nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, mi ò sì fi nǹkan kan rọ́pò wọn. Àwọn ọmọ mi fẹ́ sanwó implant fún mi, ṣùgbọ́n dókítà sọ pé egungun tó kù níbẹ̀ kò ju mìlímítà 3 lọ, àwọn ní láti gbé ilẹ̀ ihò imú sókè. Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣé imú mi ni wọ́n fẹ́ ṣí ni?
Bàbá Ọkọ̀ Ojú Irin, Láfẹ́ńwá

ÌDÁHÙN: Bàbá, wọn kò ní fọwọ́ kan imú yín. Ihò afẹ́fẹ́ tí mo ṣàlàyé fún Ìyá Aláàdìrẹ ni dókítà ń sọ. Láti inú ẹnu, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ni wọ́n máa gbà ṣí fèrèsé kékeré kan sára egungun, wọ́n á rọra ti awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú rẹ̀ sókè láìya á, wọ́n á sì di ìyẹ̀fun egungun sí abẹ́ rẹ̀. Nígbà tí egungun kò bá ju mìlímítà 3 lọ, irin kò ní rí ohun dì mú, nítorí náà wọ́n sábà máa ń dúró nǹkan bí oṣù 6 kí ìyẹ̀fun náà di egungun kí wọ́n tó fi implant sí i. Bí ó bá jẹ́ mìlímítà 5 tàbí 6 ló kù ni, wọ́n lè ṣe méjèèjì pa pọ̀, nígbà mìíràn láti ojú ihò implant gan-an, láìsí fèrèsé kankan. Ojú á wú, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sì lè yọ ní imú ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Iṣẹ́ tí ọwọ́ mọ̀ ni, kì í ṣe iṣẹ́ tí a fi ń kọ́ṣẹ́ lára ènìyàn: ẹ bèèrè bóyá ẹni tó fẹ́ ṣe é ti ṣe irú rẹ̀ púpọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó kọ̀wé fún yín lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, bíi UCH ní Ìbàdàn.

Ọjọ́ orí yín nìkan kò dí i lọ́wọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má tíì sọ fún yín: kì í ṣe dandan kí ẹ rọ́pò wọn. Bí ẹ bá ń jẹ àmàlà láfún yín, tí ẹ ń jẹ ẹran, tí àwọn eyín tó kù sì pàdé ara wọn dáadáa láti iwájú títí dé àwọn eyín kékeré tó ṣáájú àwọn ńlá, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń jẹun bẹ́ẹ̀ títí tí wọ́n fi dàgbà láìsí ìnira. Ohun tí mo fẹ́ kí dókítà wò ni àwọn eyín ìsàlẹ̀ tó kọjú sí àlàfo náà. Láti ọdún mẹ́sàn-án tí wọn kò ti rí alábàádé, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gùn sókè wọ inú àlàfo yẹn, bó bá sì rí bẹ́ẹ̀, àyè lè má sí mọ́ fún orí eyín kankan, kódà bí implant bá wọlé. Eyín àtọwọ́dá tí à ń yọ lálẹ́ náà wà, owó rẹ̀ kò sì pọ̀ tó ti iṣẹ́ abẹ méjì. Ẹ bá àwọn ọmọ yín sọ ọ́. Owó wọn ni, ṣùgbọ́n ẹnu yín ni.

Bí ẹ bá sì ń lo oògùn fún egungun tó ń rọ, tàbí tí ẹ ti gba ìtọ́jú ìtànṣán fún jẹjẹrẹ rí ní agbègbè orí àti ọrùn, ẹ sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó mú ọ̀bẹ. Àwọn méjèèjì lè mú kí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ láti jinná.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ sọ̀rọ̀ ìyẹ̀fun egungun nínú ìwé ìròyìn yín tẹ́lẹ̀. Mùsùlùmí ni mí, mo sì fẹ́ mọ̀: egungun kí ni?
Àlájà, Ọbáńtokò

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, Àlájà. Ìbéèrè yìí yẹ kí gbogbo aláìsàn béèrè. Èyí tí a ń lò jù lọ jẹ́ ti màlúù, tí wọ́n ti fi iná àti oògùn wẹ̀ títí tó fi ku kìkì ohun líle inú rẹ̀. Òmíràn wá láti ara ẹlẹ́dẹ̀, òmíràn láti ara ènìyàn tó ti kú tí ó fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ìtọ́jú, òmíràn sì jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe ní ilé iṣẹ́ láìsí ẹranko nínú rẹ̀. A tún lè mú egungun láti ibòmíràn ní ẹnu aláìsàn fúnra rẹ̀. Ẹ má gbàgbé awọ tí wọ́n fi ń bo ìyẹ̀fun náà, nítorí pé púpọ̀ nínú rẹ̀ ló wá láti ara ẹlẹ́dẹ̀, bí ìyẹ̀fun tilẹ̀ jẹ́ ti màlúù. Ẹ ní kí wọ́n fi páálí méjèèjì hàn yín ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ohun tí wọ́n fi ṣe é á wà lára rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà nínú bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ kò tó èyí tó yẹ kí ẹ fi ẹ̀rí ọkàn yín dúró fún.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n fi implant sí ojú eyín ẹ̀yìn mi kan lókè ní ọjọ́ tí wọ́n yọ ọ́. Mo fẹ́ kí wọ́n fi orí eyín sí i kíákíá nítorí ìgbéyàwó mi tó kù oṣù méjì, dókítà mi kọ̀. Mo máa ń mu sìgá díẹ̀, ìyàwó àfẹ́sọ́nà mi sì ní mo máa ń payínkeke lójú oorun.
Olùkọ́, Òkè-Mosàn

ÌDÁHÙN: Dókítà rẹ ṣe dáadáa. Fífi irin sí i lọ́jọ́ kan náà jẹ́ ọ̀tọ̀, gbígbé ẹrù lé e lórí lọ́jọ́ kan náà tún jẹ́ ọ̀tọ̀. Eyín ẹ̀yìn ló ń gba agbára jù lọ nígbà tí a bá ń jẹun, ìpayínkeke sì ń fi kún un ní gbogbo òru. Irin tó bá ń mì díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn, ẹran ara rírọ̀ ni yóò yí i ká dípò egungun, kò sì ní dúró. Eyín ẹ̀yìn kì í hàn nínú fọ́tò, nítorí náà jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀ títí dókítà á fi sọ pé ó tó, ìyẹn nǹkan bí oṣù 3 sí 6 ní òkè.

Sìgá ni kí o jáwọ́ nínú rẹ̀ ní báyìí, má dúró de ọjọ́ ìgbéyàwó. Ó ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ojú ibẹ̀ kù, implant àwọn tó ń mu ún sì máa ń bàjẹ́ ju ti àwọn tí kò mu ún lọ. Nígbà tí orí eyín bá wọlé tán, ní kí wọ́n ṣe ìbòrí eyín tí o máa fi sùn. Pákò dára fún ojú eyín, ṣùgbọ́n kò lè wọ àárín implant àti eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ra búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń gba àárín eyín, kí o máa lò ó lálaalẹ́, kí o sì jẹ́ kí dókítà máa yẹ ìdí rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ju 90 nínú 100 implant ló ṣì wà lẹ́nu lẹ́yìn ọdún 10, ṣùgbọ́n ẹran ìdí wọn lè jẹ láìdun ènìyàn rárá. Bí o bá rí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀ nígbà tí o bá ń fọ ẹnu, má dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò.